Ènìyàn Mẹ́fà, Àwo Méje

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ni ìyá bàbá mi fi tọ́ mi, òun náà ni mo sì fi ń wo fíìmù. Bí ènìyàn bá fi nǹkan hàn mí, ojú mi á kọjá sí ẹ̀yìn rẹ̀, á máa wá ohun tí kò fi hàn mí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ti torí èyí sá fún mi ní Warri yìí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìsáré wọn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè fojú rere wo dọkumẹ́ntárì. Wọ́n á ní fíìmù òótọ́ ni, pé kò sí eléré níbẹ̀, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n yà. Irọ́ funfun! Fíìmù eléré náà ń purọ́, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ orúkọ ẹni tó ṣe ọba àti ẹni tó ṣe ẹrú sójú rẹ gbangba. Dọkumẹ́ntárì á kọ́kọ́ wẹ ọwọ́, á wọ aṣọ funfun, á gbé Bíbélì dání, kó tó wá purọ́ tirẹ̀. Mo ti wo àwọn tí wọ́n wá ń yà lágbègbè wa. Wọ́n á kó kámẹ́rà sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á ya iná gáàsì lókèèrè, wọ́n á ya ìyá arúgbó kan tó ń nu ojú, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó gbé ìkòkò mì á sì máa ṣàlàyé ohun tí ojú rẹ ń rí fún ọ. "Omi nìyí. Omi náà ti dúdú." Aláìnítìjú, ta ni kò rí i? Ìyá arúgbó yẹn ńkọ́? Kí lorúkọ rẹ̀? Kí ló sè lọ́jọ́ náà? Ta ló ń sunkún fún? Kò sẹ́ni tó bi í. Wọ́n ti rí omijé tí wọ́n wá gbà, wọ́n ti bá tiwọn lọ.

Àwọn tí ń pariwo kiri pé àwọn ń wá fíìmù tó sọnù, àwọn náà ò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù kì í sọnù fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló ń sọ ọ́ nù. Ẹ lọ wo ìdí àpótí nílé yín. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹ́ alárìnjó fi oṣù mẹ́fà ṣe, ẹ ti gba ìsọmọlórúkọ àbúrò yín lé e lórí. Ẹ ti pa á, ẹ wá ń bi mí níbi tí wọ́n sin ín sí.

Bàámi, Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ni ilé ìtajà tí mo ń jókòó sí ní Ovwian. Nígbà kan, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n ń yá fún àwọn ènìyàn níbẹ̀. Nígbà tí fóònù gba ojú gbogbo ayé, wọ́n kó wáyà iná, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti fáànù síwájú, wọ́n fi yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀ fún èmi àti kásẹ́ẹ̀tì bíi ẹgbẹ̀rin. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ mi. Títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, mi ò lè bá àwọn ọmọ yòókù lọ sílé ìwé, nítorí ikọ́ sémìísémìí. Bí eruku bá ti fẹ́ báyìí, èémí mi á há, àyà mi á máa sú fèrè. Ìyá àgbà ló fi Sáàmù kọ́ mi ní ìwé kíkà, ó fi oríkì kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ, fíìmù ló wá kọ́ mi ní ìyókù.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni Elisha wọlé, ọdún kẹta rèé. Ó ga, ó dúdú, àpò kámẹ́rà wà léjìká rẹ̀, òórùn epo ọkọ̀ sì wà lára rẹ̀.

"Good afternoon, sister. Abeg, dem say you dey keep old film."

"Wọn ò purọ́ fún ọ."

Ojú rẹ̀ là. "Ẹ̀hẹ́n! Yorùbá ni yín? Ẹ má bínú, Pidgin ló ti mọ́ mi lẹ́nu. Ìlàjẹ ni mí. Fíìmù kan ni mò ń wá. Ẹgbẹ́ alárìnjó kan ló yà á létí omi wa lápá Oǹdó, kí wọ́n tó bí mi. Bàbá bàbá mi wa ọkọ̀ kọjá níbẹ̀."

"Kí lorúkọ fíìmù náà?"

"Mi ò mọ̀."

"Ta ló ṣe é?"

"Wọn ò rántí mọ́ nílé."

"Ta ni olórí eléré?"

"Wọ́n ní ọkùnrin kan tó nírùngbọ̀n ni."

Mo gbé ìwé ọwọ́ mi sílẹ̀. "Ọkùnrin tó nírùngbọ̀n, nínú fíìmù Yorùbá! Ó ku kí o sọ fún mi pé obìnrin kan sunkún níbẹ̀, kí n lè tètè dá a mọ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Àwọn ọkùnrin tí mo bá fi ọ̀rọ̀ gún báyìí, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń wò.

"Kámẹ́rà yẹn ńkọ́?" mo bi í. "Ìgbéyàwó lo fi ń yà?"

"Rárá o. Èbúté ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde. Ṣùgbọ́n dọkumẹ́ntárì ni iṣẹ́ tí ọkàn mi fẹ́."

"Ọlọ́run á yọ ọ́ níbẹ̀."

"Àmín," ó ní, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n tèmi yàtọ̀. N kì í sọ̀rọ̀ lé àwòrán lórí, n kì í sì í gé ènìyàn kúrò. Bí mo bá ṣe bá wọn ni mo ṣe ń fi wọ́n sílẹ̀."

"Gbogbo ẹni tó di àlùmọ́gàjí mú ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ kan dání. Àwọn obìnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe ló yà. Mo wò ó tán, mo ní ó gùn jù, mo ní òòrùn ń wọ inú kámẹ́rà, mo ní obìnrin kẹta yẹn ti ń ṣe bí ẹni pé ó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Gbogbo rẹ̀ ló kọ sínú ìwé. Mi ò sọ fún un pé ó dára ju bí mo ṣe fẹ́ kó dára lọ, àti pé ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Báyìí ni Ọjọ́bọ̀ di ọjọ́ tirẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló wà fún àlejò ní yàrá ẹ̀yìn. A ó wo fíìmù, a ó jà. Ó ní àwọn kásẹ́ẹ̀tì mi ti hu èéhù, pé mo kàn kó òkú jọ. Mo ní òkú mi sàn ju alààyè rẹ̀ lọ. Ó ní mo ń fojú pa gbogbo ènìyàn rẹ́. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ kí n yé fojú pa wọ́n rẹ́, kí wọ́n yé ṣe fíìmù burúkú. Tí ọjọ́ bá wá di Ọjọ́rú, èmi ni mo máa ń gbá yàrá náà, èmi tí eruku kò gbọdọ̀ kàn. Mo ní torí àwọn kásẹ́ẹ̀tì ni. Ọlọ́run ń gbọ́ irọ́ mi.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá fíìmù bàbá bàbá rẹ̀, mi ò sì jẹ́ kó mọ̀. Mo ń tú kásẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń fi òwú àti sípírítì nu èéhù kúrò, mo fi aṣọ di imú. Nígbà tí mo rí i, mi ò pè é lórí fóònù. Mo dúró de Ọjọ́bọ̀, mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà sẹ́nu ẹ̀rọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Eléré onírùngbọ̀n ń sọ̀rọ̀ létí omi, ọ̀rọ̀ aláìnírònú kan báyìí nípa ogún bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tó dé fìlà koríko ń wa ọkọ̀ bọ̀. Kò wo kámẹ́rà. Ó kọjá lẹ́yìn orí onírùngbọ̀n, ó fi àjẹ̀ ti ilẹ̀, ó lọ. Kò ju kí ènìyàn ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run lẹ́ẹ̀kan lọ.

Elisha sún mọ́ ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Bímbọ́lá, tún fi í hàn mí." A wò ó nígbà méje. Ní ìgbà keje, ó ní, "Mo fẹ́ máa jókòó sórí àga yìí títí ọjọ́ ayé mi."

"Àga yẹn ti kán lẹ́sẹ̀ kan."

"Mo mọ̀. Orúnkún ni mo fi ń gbé e láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ dé."

Mo yí ojú sí ara ògiri, mo ń tún àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí kò wó tò.

Nígbà tí a ní a fẹ́ fẹ́ ara wa, Màámi ni kò gbà. "Ìlàjẹ? Ará orí omi? Ilé tó jẹ́ pé bí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ẹja ló gbé e! Bímbọ́lá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ti tán ní Warri ni?"

"Màámi, èbúté ló ń gbé. Ilé bíríkì ni."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Níbo ni ìyá rẹ̀ wà?"

"Lórí omi," mo ní.

"Ẹ̀hẹ́n!"

Bàámi kò pariwo. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìwádìí. Ìdílé tí kò bá ní olè, tí kò ní wèrè, tí kò ní àrùn burúkú, omi tàbí ilẹ̀, mo lè bá wọn tan."

Ẹni tí wọ́n yàn ní alárinà ni Alhaja Maimunah, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ta abọ́ tánganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Kò sí ìdílé Yorùbá kan láti Ovwian dé Orhuwhorun tí Alhaja kò mọ ohun tó wà nínú ìkòkò wọn. Kí wọ́n tó lọ, mo gbọ́ tí Màámi ń bá wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn àwọn fáànù.

"Alhaja, tí àwọn náà bá bèèrè tiwa o, ẹ má mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ikọ́ yẹn."

"Ikọ́ wo? Ẹnì kankan ò kọ́ rí nílé yín. Lọ fọkàn balẹ̀."

Mo gbọ́, mi ò sì fọhùn. Kò tilẹ̀ dùn mí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Alhaja dé etí odò, tí wọ́n rí ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀, wọ́n padà. "Orí àpáta ni wọ́n bí èmi sí! Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni kí n fi ẹ̀mí mi lé? Kí ìwádìí má di òkú wíwá o!"

Elisha ló wá ní, "Alhaja, tí ẹ ò bá lè lọ, mo lè gbé wọn wá fún yín. N ó ya ìdílé mi bí wọ́n ṣe ń gbé, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó fi ojú yín rí wọn."

Orí Alhaja wú. Bàámi náà gbà; ọkùnrin tó ti fi ogún ọdún yá ènìyàn ní fíìmù kò lè sọ pé ojú fíìmù kì í ṣe ojú. Ẹ wò ó, èmi tí mo mọ̀, èmi náà dákẹ́. Ìfẹ́ ti sọ mí di ènìyàn tó ń retí dọkumẹ́ntárì.

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn ni a wò ó ní pálọ̀ wa, ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ìyá Elisha ń sá ẹja. Àbúrò bàbá rẹ̀, Bàbá Babáyẹmí, ń gbàdúrà òwúrọ̀ lórí pákó tí wọ́n fi tẹ́ ilé. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n kọrin, wọ́n jókòó jẹun yí abọ́ ọbẹ̀ ká. Ènìyàn mẹ́fà.

"Tánganran gidi!" Alhaja pariwo. "Ẹ wo ìdí àwo wọn, kò sí èyí tó bó. Ọmọlúàbí ni wọ́n."

Màámi ti fà mọ́ etí àga. "Ilé wọn mà mọ́. Wọ́n ń gbàdúrà kí wọ́n tó jẹun. Ẹ wo ìyá rẹ̀, obìnrin jẹ́jẹ́."

Bàámi pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n na ọwọ́ sí Elisha. "Mo gbà. Kí àwọn ènìyàn rẹ wá, ká mọ ara wa, ká dá ọjọ́."

Gbogbo ilé ń yọ̀. Alhaja ń gbàdúrà, à ń ṣe àmín. Àmín tèmi kò jáde dáadáa, nítorí ojú mi ti rí nǹkan kan ní ìṣẹ́jú kọkànlá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé fíìmù náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Mo wò ó nígbà mẹ́sàn-án. Ènìyàn mẹ́fà ló jókòó. Àwo méje ló wà nílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀ lé e, àwo keje ti kúrò, òòrùn tó wà ní ẹsẹ̀ ìyá Elisha sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Òòrùn kì í fò. Àlùmọ́gàjí ló gbé e fò.

Ẹ̀gàn tí mo ní sí gbogbo oníkámẹ́rà ayé kò tó ìdajì èyí tó ru sókè nínú mi láàárọ̀ yẹn. Mo ní, Bímbọ́lá, ìwọ náà rèé. Ìwọ tó ń ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Ọkùnrin kan fi orúnkún gbé àga, o gbàgbé pé ó ní ọwọ́ méjì. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn kásẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ gbàdúrà, èébú nìkan ló ń wá sí ẹnu mi. Mo wá sọ ìyẹn fún Ọlọ́run náà.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Elisha wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Mi ò jẹ́ kó jókòó.

"Ta ló ni àwo keje?"

"Àwo wo?"

"Elisha, má fi mí ṣe ọmọdé. Ìṣẹ́jú kọkànlá. Ta lo gé kúrò?"

Ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí àga, àga náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò rántí fi orúnkún gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni," ó ní. "Ìkúnayọ̀. Òun ni àkọ́bí ìyá mi."

"Kí ló ṣe?"

"Wárápá. Láti kékeré. Ó ti ṣubú lé iná ẹja rí, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti jóná. Ó ti ń lo oògùn báyìí, ó lè ṣe oṣù méjì kó má mú un. Bímbọ́lá, o mọ ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè nínú ìwádìí. Wèrè, ẹ̀tẹ̀, wárápá. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn parí àlàyé."

"O ní o kì í gé ènìyàn."

"Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gé òun. Ó ní, 'Elisha, yọ mí kúrò kí o rí ìyàwó fẹ́. Tí ẹ bá ti ṣègbéyàwó tán, mo lè wá di ẹ̀gbọ́n rẹ padà.'"

"Ó sì rọrùn fún ọ."

"Rárá." Ó fọwọ́ nu ojú. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó rọrùn. Kò gbà mí ju kí n tẹ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ló ń dùn mí."

"Àwọn tó ń ya ìyá arúgbó láì bi í lórúkọ, àlejò ni wọ́n," mo ní. "Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìwọ mọ orúkọ tìrẹ. Ẹni tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́ lo pa rẹ́ nítorí kí Màámi lè yin tánganran yín! Kúrò níwájú mi."

Kò kúrò. Ó yọ fílàṣì kékeré kan nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbé e lé orí tẹlifíṣọ̀n. "Mi ò pa á rẹ́. Mo gé e ni, mi ò lè pa á rẹ́. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in." Ó dìde. "Àwọn òbí rẹ ti gbà, Bímbọ́lá. Tí o bá fẹ́ dákẹ́, o lè dákẹ́. Tí o bá fẹ́ kọ̀ mí, kọ̀ mí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó."

"Jókòó," mo ní. "Mi ò ní dá nìkan wò ó."

Obìnrin kan wọlé, ó sanra, ó wé gèlè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ru ọbẹ̀ bọ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ká bí ewé tó gbẹ. Ó bu ọbẹ̀ fún gbogbo wọn, ó jókòó ti àwo keje, ó wo inú kámẹ́rà tààrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki àbúrò rẹ̀:

"Àlàó, ọmọ atukọ̀-má-wẹ̀yìn,
ọmọ a-ju-àwọ̀n-kílẹ̀-tó-mọ́,
omi kún, kò gbé bàbá rẹ,
ìgbì dìde, ó rí bàbá rẹ, ó jókòó.
Gbé nǹkan yẹn kúrò lójú kí o wá jẹun, ìwọ tí ò ń fi ojú kan wo ayé!"

Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Òun náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wá dúró lójú rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan pè é láti ibi tó jìn. Ara rẹ̀ le. Kò sẹ́ni tó kígbe. Ìyá Elisha fa àwo kúrò, Bàbá Babáyẹmí bọ́ ẹ̀wù wọn, wọ́n ká a sábẹ́ orí rẹ̀. Àwòrán yí gbirigbiri. Elisha ti gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, pákó ilẹ̀ nìkan ni mò ń rí, àti ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn, àti ọwọ́ Elisha méjèèjì tó rọra dà á sí ẹ̀gbẹ́, tó di orí rẹ̀ mú. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Mo wà níbí. Mo wà níbí." Nígbà tó ṣe, ohùn obìnrin náà jáde, ó ti rẹ̀ ẹ́: "Ṣé ẹ ti jẹ ẹran mi?"

Àwòrán náà wọ́, ohùn rẹ̀ kò já gaara, òjìji ènìyàn bo ìdajì rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ burúkú gbáà ni. Mi ò tíì rí fíìmù tó dára tó o.

Elisha ń wo ilẹ̀. Mo mú fílàṣì náà, mo jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi han Bàámi àti Màámi. Kò tíì parí tí Màámi ti dìde. "Wárápá! Mo sọ ọ́! Wọ́n fi ẹ̀tàn ṣe ìwádìí! Bí ọmọ tí o bá bí bá gbé e wá ńkọ́?"

"Màámi, tó bá gbé e wá, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń di orí ọmọ mú."

"Má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀! Bàbá Bímbọ́lá, ẹ sọ̀rọ̀."

Bàámi ti dá a padà sẹ́yìn, wọ́n ń wo ibi tí kámẹ́rà ti wà nílẹ̀. "Irọ́ tí ọmọkùnrin yẹn pa bí mi nínú," wọ́n ní. "N ó sọ ọ́ sí i lójú, ojú á sì tì í. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí mo ní kí wọ́n ṣe gan-an rèé. Mo fẹ́ mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ ni, wọ́n sì lọ gé ìdáhùn kúrò." Wọ́n yíjú sí mi. "Sọ fún un kí àwọn tó jókòó ti àwo méjèèje wá. Tí ẹnì kan bá dín, kí wọ́n má wulẹ̀ wá."

Wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé kejì. Alhaja Maimunah wà níbẹ̀, ìtìjú ọkọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàámi kọ́kọ́ bá Elisha wí lójú gbogbo wọn, ó dọ̀bálẹ̀, kò ṣàwáwí kankan. Màámi gbé oúnjẹ kalẹ̀ láì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kà á: àwo wọn pé.

Ìkúnayọ̀ jókòó sáàárín ìyá rẹ̀ àti Bàbá Babáyẹmí, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ gbangba. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ ni oníkásẹ́ẹ̀tì tó ń bú fíìmù gbogbo ayé?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èyí tí àbúrò mi ṣe fún ìwádìí ńkọ́?"

"Kò dára," mo ní. "Ẹ ò sí níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi fẹ́ ṣí. Elisha wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, mi ò sì yí ojú sí ara ògiri.

Nígbà tí a jẹun tán, Ìkúnayọ̀ nu ẹnu, ó yíjú sí Màámi, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ ti rí tiwa, àti èyí tí a gbé pamọ́. Àwa náà ò tíì ṣe ìwádìí tiwa. Ṣé kò sí nǹkan kan nílé tiyín tó yẹ ká mọ̀?"

Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìdí àwo. Màámi fa ìborùn wọn bo àyà.

"Rárá o," wọ́n ní, "a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò sí—"

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo di ọwọ́ wọn mú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti ikọ́ mi fún wọn."